Ajẹ́lẹ̀ àti Amúnisìn: Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Ìjọba Òyìnbó Nínú Ìtàn Àròsọ Yorùbá

Ìfáárà

Ìdáhùn kan wà tí ó ti di bárakú nínú ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bí a bá ti bi wọ́n léèrè ohun tí Olúmokò dúró fún nínú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí tí ó jáde ní ọdún 1969, wọn yóò kọ ọ́ pé Olúmokò ni òyìnbó amúnisìn, àwọn ará Òkè-Ògùn ni Nàìjíríà, Àjàyí sì ni àwọn ajìjàgbara tí ó gba òmìnira fún wa ní ọdún 1960. A sì máa ń fún wọn ní máàkì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni ó dá a sọ. Ẹnu àwa olùkọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, àwa náà sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó kọ́ wa. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú iṣẹ́ yìí ni pé irú kíkà bẹ́ẹ̀ kò tó ìwé náà rárá, àti pé ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn àwọn lámèyítọ́ lásán lọ. Fún ọdún púpọ̀ ni a kò fi kọ́ ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Inú iṣẹ́ mìíràn ni a pò ó mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó gba abẹ́ ètò bẹ́ẹ̀ kọjá wọ yunifásítì, kíláàsì Yorùbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó ti ìtàn bí ilẹ̀ wọn ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìwé ìtàn àròsọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìtàn fún wọn, ó yẹ kí á ṣọ́ bí a ṣe ń kà á sí wọn létí.

Ẹni tí a kọ́kọ́ pè ní ajẹ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni a óò fi ṣe òpó ilé yìí. Èkíní ni amúnisìn. Ọ̀rọ̀ ìwé ni èyí, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn oníròyìn ni ó ti gbilẹ̀. Ìhun rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí ó mú ènìyàn tí ó sì fi í sìn. Olùṣe wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí a ṣe é sí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ààyè fún ẹnì kẹta. Èkejì ni ajẹ́lẹ̀, èyí kò sì ti inú ìwé wá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi òṣìṣẹ́ wọn jókòó sí àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, tí òṣìṣẹ́ náà ń gbọ́ ẹjọ́, tí ó ń gba ọba nímọ̀ràn tí ọba kò gbọdọ̀ kọ̀, àwọn baba wa kò wá orúkọ fún un lọ títí. Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n pè é.

Ta ni ó ń jẹ́ ajẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀? Aṣojú tí ìlú alágbára máa ń fi sí ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀yọ́ ní irú àwọn aṣojú bẹ́ẹ̀ kí ìjọba ńlá rẹ̀ tó túká. Nígbà tí Ìbàdàn sì di alágbára láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìgbómìnà àti Ìjẹ̀ṣà. Ẹnu ajẹ́lẹ̀ ni àṣẹ Ìbàdàn ti ń jáde, iwájú rẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ìlú ni ó sì ń bọ́ òun àti àwọn ìsọ̀ǹgbè rẹ̀. Samuel Johnson kò fi ìwà ìnilára wọn pamọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tí ó kọ parí ní ọdún 1897 ṣùgbọ́n tí kò rí ojú ayé títí di ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ní ọdún 1878 ni Fábùnmi pa Oyèpẹtun tí í ṣe ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ibẹ̀ sì ni ogun Èkìtìparapọ̀, tí a tún ń pè ní ogun Kírìjì, ti bẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò tú ká kúrò ní ibùdó wọn tán títí di ọdún 1893.

Ọdún 1893 yìí gba àkíyèsí. Ní oṣù kẹjọ rẹ̀ ni Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter, kí ọdún náà sì tó parí Kápútẹ́nì Bower ti dé Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú tí ó ti ń fi ajẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sílé onílé ni ó wá gba ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀ lálejò yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Bower kan náà ni ó ko ìbọn ti Ọ̀yọ́ ní ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ní ọdún 1936 wọ́n kọ́ ilé-ìṣọ́ gíga kan sí Òkè Àárẹ̀ ní ìrántí rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn kò fi orúkọ ọkùnrin náà pe ilé-ìṣọ́ yìí. Láyípo ni wọ́n ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn tí ó ń yí po nínú rẹ̀. A lè pe èyí ní ìgbàgbé. Lójú tiwa, ọ̀nà ìsọmọlórúkọ tí ó gbọ́n ni.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún lámèyítọ́ ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pe òyìnbó ní ajẹ́lẹ̀ ti ṣe ìdájọ́ kan. Ó ń sọ pé, “A mọ irú rẹ.” Kò rí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bí ohun tí kò sí rí láyé, ó rí i bí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ojú ti rí. Adùn tàbí ìkorò ọ̀rọ̀ náà kò sì rí bákan náà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Lẹ́nu ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí baba rẹ̀ kú sí ojú ogun Kírìjì, ọ̀rọ̀ tí ó ní egbò nínú ni. Lẹ́nu ọmọ Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ìtìjú wà nínú rẹ̀: ohun tí a ti ń fi ṣe ẹlòmíràn ni a wá fi ṣe wá yìí. Nígbà tí a bá fi amúnisìn rọ́pò ajẹ́lẹ̀, gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí ni ó ń parẹ́. Gbogbo wa di ẹni tí a mú sìn, ní ọjọ́ kan náà, lọ́wọ́ ẹnì kan náà, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ń sin ẹnì kan rí kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀.

Ayé tí ó “di” ti òyìnbó

Ìwé ìtàn àròsọ tí ó kọjú sí dídé òyìnbó gan-an ni ti Isaac Délànò, Aiyé D'aiyé Òyìnbó, tí ó jáde ní ọdún 1955. Ọdún yẹn kan náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì ku ọdún méjì kí ẹkùn náà tó gba ìṣàkóso ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lórí àga, ṣùgbọ́n ó ti ń wá fìlà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí àkọlé ìwé náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbé e ró ni di. Ọ̀sán a máa di òru, ọmọdé a máa di àgbà, omi a máa di yìnyín. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í bèèrè olùṣe ni. Bí a bá ní “òyìnbó gba ayé,” a ti fi ẹ̀sùn kan ẹnì kan. Bí a bá ní “ayé di ayé òyìnbó,” a ti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìfi ọwọ́ tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rù ni ó mú òǹkọ̀wé lo irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. A kò fara mọ́ èyí. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà náà ni Délànò gbà sílẹ̀, kò sì sí irọ́ níbẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyípadà náà dà bí ìgbà tí ojú ọjọ́ yí padà. Ọ̀nà dé, ilé-ẹjọ́ dé, owó fàdákà dé, owó ẹyọ di ohun ìṣiré ọmọdé. Kò sí ọjọ́ kan tí a lè nàka sí pé òní ni.

Obìnrin ni Délànò fi ṣe òǹsọ̀tàn, èyí sì ni ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù nínú ìwé náà. Ìtàn tí àwọn ọkùnrin ń sọ nípa ìgbà òyìnbó sábà máa ń jẹ́ ìtàn ohun tí a pàdánù: ogun, oyè, ẹrú, àṣẹ. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ tí ó gba agbára lọ́wọ́ baálé ni ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀nà láti kọ ọkọ tí kò fẹ́ mọ́. Kò lè jẹ́ ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì yóò fi sọ ìtàn ilé-ẹjọ́ náà. Ó dùn wá pé àwọn lámèyítọ́ ti lo àkókò púpọ̀ lórí bóyá Délànò fẹ́ràn òyìnbó tàbí kò fẹ́ràn wọn, tí wọn kò sì bèèrè tó ohun tí obìnrin òǹsọ̀tàn yìí rí tí ọkùnrin kò ní rí. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn yóò jẹ́.

Síbẹ̀, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ wà nínú di yẹn. Bí ayé bá kàn di ayé òyìnbó, ta ni ó gbé e fún un? Ta ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ta ni ó ń ka orí ènìyàn fún un, ta ni ó ń mú àwọn tí kò san owó orí wá síwájú rẹ̀? Ajẹ́lẹ̀ kì í dá ṣiṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ Olúmokò ti wọlé nìyí.

Olúmokò, àti Òkè-Ògùn ní ọdún 1916

Kò sí òyìnbó kankan nínú ìjà Ọmọ Olókùn-Ẹṣin. Àwọn ará Òkè-Ògùn ni ó ń sin Olúmokò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pa koríko fún un lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, nígbà tí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ máa ń gbé koríko wá fún Aláàfin, kò ní ṣàì rántí rẹ̀. Àjàyí kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ ìsìn náà, ìjà òmìnira sì bẹ̀rẹ̀. Fálétí kò fi ẹyọ òǹsọ̀tàn kan sọ ìtàn yìí. Ó gbé e káàkiri ẹnu, tí ó fi jẹ́ pé ìjà náà kò di ohun ìní akọni kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tán, ẹlòmíràn yóò gbà á ní ibi tí ojú tirẹ̀ dé. Púpọ̀ nínú àwọn ìtàn ajìjàgbara tí a ń sọ lọ́jọ́ ayẹyẹ òmìnira ni kò ní irú ìwà ìrẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn lámèyítọ́ wo ọdún tí ìwé náà jáde, wọ́n wo ọ̀rọ̀ òmìnira tí ó gba inú rẹ̀ kan, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé ìtàn Nàìjíríà ni Fálétí fi agọ̀ bò. Àfiwé náà kò ṣàìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó dájú pé òǹkàwé tí ó ti rí ọdún 1960 kò lè ka ọ̀rọ̀ òmìnira kí ọkàn rẹ̀ má lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Olúmokò bá jẹ́ agọ̀ lásán, gbàrà tí a bá ti rí òyìnbó lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún bojú wo agọ̀ mọ́. Olúmokò fúnra rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ẹ wo àwọn ìwé tí ó jáde láàárín ọdún mélòó kan náà. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde ní ọdún 1970; Baṣọ̀run Gáà ti Fálétí fúnra rẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Aninilára inú ilé ni àwọn méjèèjì dá lé lórí. A kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di òfin pé Gáà ni òyìnbó. Kí ló dé tí a kò lè jẹ́ kí Olúmokò jẹ́ Olúmokò?

Òkè-Ògùn tilẹ̀ wà lórí ilẹ̀, ó sì ní ìtàn. Lẹ́yìn ọdún 1914, Kápútẹ́nì Ross di ajẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1931. Ìlànà Lugard ni pé kí á máa ti ẹ̀yìn ọba ṣèjọba, nítorí náà Ross gbé Aláàfin Ládìgbòlù ga lórí àwọn ìlú tí ó wà ní agbègbè Ọ̀yọ́ tuntun yìí. Wọ́n dá àwọn ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yan àwọn adájọ́ tí ìlú kò yàn, wọ́n sì ń fi tipá kó ènìyàn lọ la ọ̀nà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, àwọn ará Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò dìde. Òyìnbó kọ́ ni ó wà ní ìtòsí wọn. Àwọn ilé-ẹjọ́ náà àti àwọn ènìyàn ìlú tí ó ń jẹ nínú àṣẹ tuntun ni wọ́n dojú ìjà kọ. Ìjọba kó sójà wá, ó sì tẹ ìjà náà rì. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Atáńdá ni ó kọ iṣẹ́ àkànṣe lórí rẹ̀ nínú jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn ní ọdún 1969, ọdún tí ìwé Fálétí jáde gan-an. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1973, ó pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ náà ní ìjọba ńlá Ọ̀yọ́ tuntun, ọ̀rọ̀ náà sì ṣe wẹ́kú: ìjọba tí ogun ti tú ká ṣáájú ọdún 1840 ni ìbọn Gẹ̀ẹ́sì tún fún ní ẹsẹ̀.

A kò sọ pé Fálétí jókòó ti ìtàn ọdún 1916 kí ó tó kọ̀wé. Ohun tí a ń sọ ni pé arúgbó kan ní Òkèihò tí ọmọ rẹ̀ bá ka ìwé náà sí i létí ní ọdún 1969 kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé Olúmokò dúró fún ẹlòmíràn. Ní ojú tirẹ̀, ìtàn ìgbà òyìnbó nìyẹn láìsí òyìnbó nínú rẹ̀. Ní àkókò kan náà, àwọn àgbẹ̀ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn wà nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà lórí owó orí, ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí àsíá Gẹ̀ẹ́sì ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn náà kò ní ṣàì mọ ẹni tí ó ń gba koríko.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí ogun Adúbi bẹ́ ní ọdún 1918 lórí owó orí àti iṣẹ́ àpàpàǹdodo, kì í ṣe òyìnbó nìkan ni àwọn ajagun náà bínú sí. Láàárín ọdún 1947 sí 1949, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ lórí owó orí, iwájú ààfin Aláké ni wọ́n lọ jókòó sí. Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Àwọn obìnrin náà kò kàwé lámèyítọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí àṣẹ ti ń kàn wọ́n lára.

Ohun tí ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ kò lè sọ

Kò yẹ kí a ti ibi kan já sí kòtò kejì. Bí amúnisìn ti ń bo Olúmokò mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ náà lè bo ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lè rò pé ọ̀gá ni a kàn pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Nígbà tí Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kó ara wọn jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé láti Èkó, wọ́n sì dúró de Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìṣubú. Ní Ìmàgbọ́n, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ọjọ́ díẹ̀ péré ni ìbọn Maxim fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, àwọn tí kò sí ẹni tí ó rọrùn fún láti là wọ́n kọjá. Ajẹ́lẹ̀ tí ẹnì kan kò lè pa kí ìlú sì ṣẹ́kù kì í ṣe ajẹ́lẹ̀ àtijọ́ mọ́.

Ìwé pẹ̀lú wà ńbẹ̀. Kò sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó ní ìwé lọ́wọ́ tí ó sọ pé ilẹ̀ Èkìtì ti di ti Ìbàdàn títí ayé. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun sì wà lójú omi nígbà náà. Ó tó ọgọ́ta ọdún kí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù tó dá a ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání tí í ṣe Olóyè Olúwa, pé ìwé náà kò gba ilẹ̀ àwọn ẹbí lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni Olúwa àti Herbert Macaulay wọ̀ lọ wá ìdájọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó ń sin Olúmokò tí ó ní láti la òkun kọjá kí ó tó rí ẹni tí yóò rojọ́ fún.

Nítorí náà, a ń dábàá pé kí á yí ìbéèrè ìdánwò náà padà. Dípò kí á bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ẹni tí Olúmokò dúró fún, kí á ní kí ó ka Ọmọ Olókùn-Ẹṣin pẹ̀lú ìtàn Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò ti ọdún 1916, kí ó sì sọ ẹni tí ó wà láàárín ẹni tí ó ń pàṣẹ àti ẹni tí ó ń pa koríko, ohun tí ẹni náà ń rí gbà níbẹ̀, àti bóyá ó lè kọ̀. Kí á tún ní kí ó sọ ohun tí obìnrin Délànò ìbá rí bí wọ́n bá gbé e lọ sí Òkè-Ògùn. Ìdáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ní rọrùn láti fún ní máàkì, kò sì dájú pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì yóò kọ ohun kan náà.